Fíìmù àtijọ́ inú àpótí màmá yín: Ṣé kí ẹ ṣe scan rẹ̀ nílé ni, àbí kí ẹ gbé e lọ sí láàbù?

Láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń gbé fíìmù lọ fọ̀, fọ́tò àti nẹ́gátíìfù ni láàbù máa ń kó fún èèyàn pọ̀ nínú àpò ìwé kan. Fọ́tò lọ sínú álúbọ́ọ̀mù, nẹ́gátíìfù lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní báyìí, àwọ̀ ọ̀pọ̀ fọ́tò yẹn ti ṣí, àwọn míì ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rá álúbọ́ọ̀mù, àwọn míì sì wà lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí kan tó yá a tí kò dá a padà. Nẹ́gátíìfù yẹn ló kù. Òun gan-an sì ni ojúlówó, torí ara rẹ̀ ni wọ́n ti tẹ fọ́tò jáde.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ti fẹ́ kó tiwọn sórí fóònù àti kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè tó máa ń dá wọn dúró ni pé ṣé kí wọ́n ṣe é fúnra wọn ni, àbí kí wọ́n sanwó fún láàbù. Ìdáhùn kúkúrú rèé: ẹ fi ti ilé ṣáájú, kí ẹ wá fi owó láàbù sórí èyí tó bá tọ́ sí i. Ẹ jẹ́ ká wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Irú fíìmù wo lẹ ní?

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni fíìmù 35mm, tó ní ihò wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Àwòrán kan lórí rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 24 sí 36. Tó bá jẹ́ pé sitúdíò ló ya fọ́tò náà, pàápàá láyé àtijọ́, ó lè jẹ́ fíìmù 120. Ìyẹn tóbi ju 35mm lọ dáadáa, kò sì ní ihò. Bí àwòrán rẹ̀ bá ní igun mẹ́rin tó dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń tó nǹkan bíi mìlímítà 56.

Ẹ tún wo àwọ̀ rẹ̀. Fíìmù aláwọ̀ máa ń ní àwọ̀ ọsàn látòkè délẹ̀. Dúdú àti funfun máa ń rí bí eérú, torí fàdákà ló gbé àwòrán rẹ̀ ró. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ fàdákà yìí, ó máa wúlò níwájú.

Kí nìdí tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ fi falẹ̀?

Ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá fíìmù, méjèèjì ò sì wọ́n wa nílẹ̀ yìí. Fíìmù lè bu bí búrẹ́dì ṣe ń bu. Àwọ̀ rẹ̀ lè yí. Èyí tí wọ́n fi acetate ṣe lè bẹ̀rẹ̀ sí í rùn kíkan bíi fínígà, kó wá súnkì, kó sì máa ká kò. Tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ òórùn kíkan yẹn, ẹ yọ èyí tó ń rùn kúrò láàárín àwọn tó kù, torí ó lè ràn wọ́n.

Ewu kejì kò sí lára fíìmù. Ta ló mọ orúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò? Màmá àgbà lè wo ojú kan báyìí kó sọ pé, "Àbúrò bàbá yín tó lọ sí Kùmásí rèé." Tí màmá bá lọ, kò sí láàbù kankan láyé yìí tó lè bá yín ṣe scan ìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ti ilé ṣáájú: fọ́tò tí kò mọ́ dáadáa àmọ́ tí àgbà rí lónìí, tó sì dárúkọ èèyàn inú ẹ̀, sàn ju èyí tó mọ́ kedere tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó wà níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn sitúdíò l'Ékòó yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Nígbà tí kámẹ́rà òde òní dé, ọ̀pọ̀ fọtógíráfà kó nẹ́gátíìfù wọn dànù. Lára ohun tí wọ́n rí gbà là ni iṣẹ́ Abi Morocco Photos, sitúdíò tọkọtaya John àti Fúnmiláyọ̀ Abe, tí wọ́n ya àwọn ará Èkó láti àwọn ọdún 1970 títí di 2006. Lagos Studio Archives, tí Karl Ohiri àti Riikka Kassinen dá sílẹ̀, ló ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ti ṣàfihàn rẹ̀ ní London. Nẹ́gátíìfù tí ẹnì kan ì bá sun ni o.

Ọ̀nà mẹ́ta tí ẹ lè gbà ṣe é nílé

*Fóònù.* Ẹ ṣí ojú ìwé funfun lórí laptop tàbí tablet, kí ẹ jẹ́ kí iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ tán. Ẹ gbé gíláàsì férémù kan sókè díẹ̀ sí ojú rẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta, kí ẹ wá tẹ́ fíìmù sórí gíláàsì náà. Tí fíìmù bá fara kan ojú laptop, àmì tótòtó ojú laptop máa hàn nínú fọ́tò. Ẹ pa iná yàrá, ẹ di fóònù mú gbọọrọ sókè fíìmù, kí ẹ yà á. Ẹ lè fi Curves inú Snapseed yí i padà kí ojú èèyàn hàn bó ṣe yẹ. Kò ní dà bíi ti láàbù, ṣùgbọ́n ó tó láti fi mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ọgbọ́n kan rèé: lọ́pọ̀ fóònù, ẹ lè lọ sí Settings, ní Accessibility, kí ẹ tan èyí tó ń yí àwọ̀ padà. Tẹ́ ẹ bá wá na kámẹ́rà sí nẹ́gátíìfù, ẹ máa rí ojú èèyàn lójú ẹsẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ lè fẹ́ jọ búlúù, àmọ́ màmá àgbà á dá wọn mọ̀.

*Kámẹ́rà.* Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó ní kámẹ́rà tó dáa àti lẹ́ǹsì macro, ọ̀nà yìí yára gan-an. Ẹ nílò ẹsẹ̀ kámẹ́rà, pátákó iná LED tó funfun dáadáa, àti ohun tó máa jẹ́ kí fíìmù tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ yà á ní RAW. Láti yí àwọ̀ ọsàn yẹn padà, darktable jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní negadoctor fún iṣẹ́ yìí gan-an.

*Scanner.* Kì í ṣe èyí tó wà ní business centre o. Ìyẹn ń ka ìmọ́lẹ̀ tó ta padà lára bébà, bẹ́ẹ̀ iná gbọ́dọ̀ gba inú fíìmù kọjá ni. Ẹ nílò èyí tó ní iná nínú ìdérí rẹ̀, bíi Epson Perfection V600, tó ń gba àwòrán 35mm méjìlá lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń gba fíìmù 120. Plustek OpticFilm 8200i máa ń mú àwòrán 35mm jáde kedere jù ú lọ, àmọ́ kò gba 120 rárá. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ẹ̀yìn páálí tàn yín: V600 sọ pé òun ń ṣe 6400 dpi, ṣùgbọ́n ohun tó ń rí ní tòótọ́ kéré sí i jìnnà.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ lò, etí fíìmù nìkan ni kẹ́ ẹ máa dì mú. Ẹ fi rọ́bà tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbọn eruku rẹ̀ dànù. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, torí itọ́. Ẹ má fi omi, sanitizer tàbí aṣọ nù ún.

Kí ni láàbù ní tí ilé ò ní?

Láàbù tó mọ iṣẹ́ sábà máa ń lo Noritsu tàbí Fuji Frontier. Àwọn ẹ̀rọ yìí yára, ẹni tó ń lò ó sì ti mọ bí awọ ara ṣe yẹ kó rí. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: kí àwọ̀ ara wa jáde bó ṣe rí, kó má pọ́n jù, kó má sì dà bí eérú, ibẹ̀ ni wàhálà ti pọ̀ jù fún ẹni tó ń ṣe é nílé.

Ohun kejì ni Digital ICE, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò lè rí, ìyẹn infrared, wá eruku àti ojú ibi tó họ, tó sì ń pa wọ́n rẹ́. V600 àti 8200i náà ní irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí fàdákà: infrared kò lè gba inú fàdákà kọjá, nítorí náà kò ṣiṣẹ́ lórí fíìmù dúdú àti funfun. Tí láàbù bá ní kẹ́ ẹ sanwó ICE lórí irú fíìmù bẹ́ẹ̀, ẹ má san án. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tún ìyẹn ṣe.

Àléébù láàbù ni pé ojúlówó ti kúrò lọ́wọ́ yín. Fíìmù lè sọ nù, ó lè bọ́ sínú ti ẹlòmíì.

Ẹ ṣe ìṣirò kẹ́ ẹ tó pinnu

Ká ní fíìmù mẹ́wàá lẹ ní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àwòrán 36. Ìyẹn jẹ́ 360. Tí scanner bá ń lo ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí ọ̀kan, ó di ìṣẹ́jú 1,440, ìyẹn wákàtí 24 gbáko, láìka ìgbà tí wọ́n mú iná lọ. Ní ti láàbù, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà lórí àwòrán kan, kẹ́ ẹ fi í sọ́nà 360. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín: nínú 360 yìí, mélòó la máa tẹ̀ jáde? Ó lè má ju 20 lọ. Ogún yẹn ni ti láàbù.

Ti dpi ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá rí 2400 dpi gidi lórí 35mm, ẹ máa ní píksẹ́lì bíi mílíọ̀nù méje àbọ̀. Ìyẹn tó láti tẹ fọ́tò tó fẹ̀ tó íńṣì 7 sí 11 kó sì mọ́ dáadáa, àní fún ẹ̀yìn ìwé ètò ìsìnkú. Tó bá jẹ́ bánà ńlá lẹ fẹ́, ẹ béèrè fún èyí tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi láàbù

- Ṣé ibí gan-an lẹ ti ń ṣe é, àbí ẹ ń gbé e ránṣẹ́ síbòmíì?
- Píksẹ́lì mélòó ni mo máa gbà? (Ẹ má gba "high quality" ní ìdáhùn.)
- Ṣé JPEG nìkan ni, àbí mo lè gba TIFF?
- Ṣé ẹ máa gé fíìmù mi? (Ẹ sọ pé rárá. Fíìmù tí wọ́n gé sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan máa ń ṣòro fún ẹ̀rọ láti dì mú.)
- Ọjọ́ wo ni mo máa gba nẹ́gátíìfù mi padà?

Ẹ kà wọ́n lójú wọn, kẹ́ ẹ ya fọ́tò wọn kẹ́ ẹ tó fi sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sórí rìsíìtì. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n kan ló fẹ́ bá yín gbé e lọ sí London tàbí Houston, ẹ̀rọ X-ray pápákọ̀ òfuurufú kì í ba fíìmù tí wọ́n ti fọ̀ jẹ́. Àmọ́ kó wà nínú báàgì tí wọ́n ń gbé wọnú ọkọ̀ o, kó má lọ pẹ̀lú ẹrù.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe é tán

Nọ́ńbà wà létí fíìmù, bíi 12 tàbí 12A. Ẹ fi ṣe orúkọ fáìlì, pẹ̀lú ọdún àti ayẹyẹ náà: 1987-igbeyawo-12. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí àgbà dá mọ̀ sínú ìwé kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan má sí nínú ilé náà.

Nẹ́gátíìfù ńkọ́? Ẹ má dà á nù. Ẹ kó o sínú àpò ìwé tó mọ́, níbi tó tutù tí kò sì lọ́rinrin. Ẹ̀rọ tó dáa ju ti òní lọ ṣì lè dé, fíìmù yẹn nìkan ló sì máa wúlò fún un.

Ní kúkúrú: tó bá pọ̀, tẹ́ ò sì mọ ohun tó wà níbẹ̀, ilé ni. Tó bá jẹ́ díẹ̀ tó ṣe pàtàkì, tó ti họ, tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀ jáde ní ńlá, láàbù ni. Tó bá ń rùn kíkan tàbí ó ti bu, ẹ má fọwọ́ kàn án púpọ̀, ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e fún. Ní ti màmá àgbà, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ra scanner. Fóònù ọwọ́ yín ti tó.