Bí Ìyẹ́ Onígi Bàálù Kékeré Ṣe Di Líle

Ìtàn bí wọ́n ṣe ń mú ìyẹ́ onígi bàálù kékeré le, irú bàálù tí èèyàn ń dúró nílẹ̀ fi rédíò darí, fọ́n káàkiri. Ìwé kan á ní aṣọ ṣẹ́dà ló ṣe é, òmíràn á ní gọ́ọ̀mù ni. Àwọn tó ń kàn án fúnra wọn kì í sì í fẹnu kò. Mo ti kó wọn jọ, mo sì ti yẹ̀ wọ́n wò.

Lọ́dún 1871, ní ọgbà Tuileries ní Paris, Alphonse Pénaud fi rọ́bà tí a lọ́ mú bàálù kékeré kan fò. Ẹrù ìyẹ́ yẹn kò tó nǹkan.

Rédíò ló gbé ẹrù dé. Lọ́dún 1937, ní Kalamazoo ní Amẹ́ríkà, àwọn ìbejì kan, Walter àti William Good, fi rédíò darí bàálù tí wọ́n pè ní Guff. Láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé èkejì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8. Ẹ́ńjìnnì, bátìrì àti rédíò ìgbà náà wúwo, bẹ́ẹ̀ igi balsa láti Ecuador, tó fúyẹ́ gan-an, ni àwọn akànbàálù fẹ́ràn.

Ọ̀pá gígùn méjì ló sábà máa ń gba inú ìyẹ́ kọjá, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé ìyẹ́ sókè, ọ̀pá òkè á fún pọ̀, tìsàlẹ̀ á nà, àwọn méjèèjì á sì fẹ́ sún mọ́ra. Ìdí ìyẹ́, níbi tó ti pàdé ara ọkọ̀, ni wàhálà yìí ti pọ̀ jù, ibẹ̀ ló sì sábà máa ń kán sí. Àwọn kan ní kí a lo ọ̀pá tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ń fi ẹrù kún ẹrù. Àwọn mìíràn ní kí a fi pátákó balsa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí àlàfo àárín ọ̀pá méjèèjì, àwọn ni wọ́n sì jàre, nítorí pátákó náà kò ní jẹ́ kí ọ̀pá méjèèjì sún mọ́ra. Bí àlàfo yẹn bá di ìlọ́po méjì, ìyẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ le ní ìlọ́po mẹ́rin, láìfi igi kún ọ̀pá. Ìjà tó kù ni ti iṣan igi. Ẹni tó fi iṣan pátákó náà lélẹ̀ gbọọrọ rọ ara rẹ̀ lọ́rùn nígbà gígé, ṣùgbọ́n balsa tí a tẹ̀ ní ìbú iṣan rẹ̀ máa ń rún wómúwómú. Kí iṣan náà dúró lóòró bí òpó ilé ló tọ́.

Ti ohun ìbora kò gba àríyànjiyàn. Pépà tàbí ṣẹ́dà tí a kùn ní ọ̀dà tí wọ́n ń pè ní dope máa ń fún pinpin, kì í jẹ́ kí ìyẹ́ lọ́. Ọ̀rá tí a ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ mọ́ ọn, bíi MonoKote ti àwọn ọdún 1960, yá lọ́wọ́, ó sì dán. Kò le tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi wáyà gbígbóná gé fóòmù, tí wọ́n sì ń fi igi fẹ́lẹ́ bò ó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, igi tí ọ̀pọ̀ ń lò ni obeche. Arère wa ni! Igi inú igbó ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n fi ń bo ìyẹ́ ní ìlú òyìnbó, ó sì dùn mọ́ mi láti kọ ọ́ síbí.

Okùn carbon líle, tí wọ́n ṣe ní Farnborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1960, ti wọ ìyẹ́ náà: tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù epoxy lẹ̀ mọ́ ọ̀pá. Lésà ló ń gé egungun ìhà ìyẹ́ báyìí. Pátákó oníṣan òòró ṣì wà láàárín ọ̀pá méjèèjì.