Àmì ìsàlẹ̀ lórí kánfáàsì

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan dá owó jọ, wọ́n ra báàgì kánfáàsì ńlá kan fún mi, èyí tó ki bí aṣọ àgọ́. Wọ́n ti gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣe mónógíráàmù, àwọn yẹn sì fi òwú aláwọ̀ wúrà kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà: OJOGBON. Inú mi dùn, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí mo kọ́ ẹ mọ̀ mí. Àmì ìsàlẹ̀ mẹ́ta àti àmì ohùn mẹ́ta ló sọnù nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣiṣẹ́ lé lórí! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé ta ló jẹ̀bi gan-an, ẹ̀rọ ni àbí ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀?

Ṣíṣe ọnà sára àpò tó ki kì í ṣe nǹkan tuntun láàárín wa. Ẹ wo làbà Ṣàngó, àpò awọ tí àwọn oníṣàngó máa ń gbé kọ́ èjìká. Kì í ṣe òwú ni wọ́n fi ń ya àwòrán ojú rẹ̀. Awọ aláwọ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n ń gé, wọ́n á wá rán an mọ́ ọn. Ohun tó bá le jù fún abẹ́rẹ́ láti kọ nǹkan sí, wọ́n wá ọgbọ́n mìíràn dá sí i.

Ti aṣọ ńkọ́? Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó wà láyà agbádá àtijọ́, orí àpò ńlá apá òsì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Àwọn Hausa àti Tápà ló gbajúmọ̀ jù fún un, Ìlọrin náà kò sì gbẹ́yìn. Aska takwas, ìyẹn ọ̀bẹ mẹ́jọ, ni àwọn Hausa ń pe ọnà tó lókìkí jù níbẹ̀. David Heathcote àti Colleen Kriger ti kọ̀wé tó dáa lórí àwọn ẹ̀wù wọ̀nyí. Àwọn máàlàmù wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ẹ̀wù kan ṣoṣo sì lè gba oṣù mélòó kan. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ rán ẹtù tàbí sányán máa ń fi ìka mọ ibi tí aṣọ ti le. Tí abẹ́rẹ́ bá kọ̀, á yẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Ní 1828, ní Mulhouse ní ilẹ̀ Faransé, Josué Heilmann ṣe ẹ̀rọ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ mú ní orí méjèèjì, tí ihò rẹ̀ sì wà láàárín. Wọ́n á na aṣọ dúró bí ògiri, ẹ̀mú irin á máa gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ara wọn láti iwájú sí ẹ̀yìn, ẹnì kan ṣoṣo á sì máa fi apá irin tọ àwòrán. Ní 1863, Isaac Gröbli ti Switzerland mú ẹ̀rọ tirẹ̀ jáde. Òun lo òwú méjì, ọ̀kan wà nínú ọ̀kọ̀ tó dà bí ọkọ̀ ojú omi kékeré, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Schiffli. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ìran ẹ̀rọ yìí fẹ́ràn. Irú rẹ̀ ló ṣe léèsì tí àwọn ará Lustenau ní Austria ń kó wá sí Nàìjíríà láti àwọn ọdún 1960, èyí tó gbilẹ̀ débi pé ìjọba fi òfin dè é ní àwọn ọdún 1970. (Àwọn ìyá wa kò gbọ́ o, wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ.)

Aṣọ tó ki wá wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ títí. Mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ẹ̀rọ dé, ó pa iṣẹ́ ọwọ́ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ wo tínkó tó wà ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ káàkiri. Orúnkún ni télọ̀ fi ń darí bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gbòòrò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló sì ń ti fírémù kiri. Ọwọ́ ṣì ń gbọ́ ohun tí aṣọ ń sọ.

Kọ̀ǹpútà ló yí eré padà. Ní 1980, ilé iṣẹ́ Wilcom ní Australia gbé ètò kan jáde tí wọ́n fi ń ya ọnà lórí kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà náà, òǹkà ni ránpẹ́ kọ̀ọ̀kan: lọ sọ́tùn-ún báyìí, lọ sókè báyìí. Abẹ́rẹ́ kàn ń lọ sókè sódò ni, fírémù ló ń rìn. Ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá ṣífọ́ọ̀nù ni wọ́n gbé sí i tàbí kánfáàsì, àfi kí ẹni tó yà á ti sọ fún un.

Nítorí náà mo gbé báàgì mi lọ sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ n'Íbàdàn. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín.

"Prof, ẹ má bínú sí ẹ̀rọ, sà. Fọ́ńtì tí wọ́n lò ni kò ní àmì wa. Ẹni tó ṣe é kò sì fi ọwọ́ yà á sí i."

Ó ṣàlàyé fún mi, mo sì jókòó bí ọmọ ilé ìwé. Òwú tí wọ́n ń lò nípọn tó ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá mìlímítà. Tí o bá fi í to àmì tí kò ju mìlímítà kan lọ, ránpẹ́ méjì mẹ́ta ni, á rì sáàárín òwú kánfáàsì, kò sẹ́ni tó máa rí i. Abẹ́rẹ́ 75 tí wọ́n ń lò fún ṣẹ́ẹ̀tì á tẹ̀ tàbí kó ṣẹ́. 100 ló lò, ó sì dín eré ẹ̀rọ kù. Báàgì tí wọ́n ti rán tán kò tún ṣeé há sínú fírémù. Tí ìwúwo rẹ̀ bá sì ń fà á, ọnà á ṣí kúrò nípò. Ó tú ẹ̀gbẹ́ kan báàgì náà, ó há sitéè nìkan sínú fírémù, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ kánfáàsì mọ́ ọn, ó sì fi tábìlì gbé ìyókù dúró.

Ó kọ́kọ́ dán an wò lára àkísà jíǹsì. Àmì kejì yẹ̀ kúrò lábẹ́ lẹ́tà rẹ̀. Ó mú àwọn àmì náà tóbi tó mìlímítà mẹ́ta, ó fi ránpẹ́ ìpìlẹ̀ sábẹ́ wọn kí wọ́n lè yọ sókè, ó sì ya àmì ohùn bí igi kúkúrú tó sanra. Ìgbà kẹta ló tó bọ́ sí i. Ohun tí ìka máàlàmù máa ń ṣe láìronú lórí sányán, òun jókòó, ó ń kọ ọ́ ní òǹkà.

A ò tú OJOGBON àkọ́kọ́, torí ihò ni yóò kù síbẹ̀, àti pé ẹ̀bùn ni. Ojú kejì báàgì ló kọ Ọ̀JỌ̀GBỌ́N sí. Mo ní kó fi lẹ́tà wọ̀nyẹn pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní òun ti fi wọ́n pamọ́, pé ìyá kan tó ń ṣètò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ti rí i lórí tábìlì, ó sì ti béèrè bóyá òun lè bá a kọ Adéọlá sí fìlà aṣọ òkè ogójì.