Aaron Swartz àti Àpilẹ̀kọ Tí Wọ́n Ti Ilẹ̀kùn Mọ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní ọdún 2011, wọ́n rí kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí a fi páálí bò nínú yàrá wáyà kékeré kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT, nílùú Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún tó ṣáájú ni ẹni tó ni ín ti ń kó àpilẹ̀kọ àwọn onímọ̀ láti inú JSTOR, ilé ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a dá sílẹ̀ lọ́dún 1995. Nígbà tí ọwọ́ fi máa tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ 6 oṣù náà, ohun tó kó ti lé ní mílíọ̀nù 4. Aaron Swartz ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 24 sì ni.

Kì í ṣe ìpáǹle. Kò tíì ju ọmọ ọdún 14 lọ tó fi wà lára àwọn tó ṣe RSS, ọgbọ́n tí àwọn ìkànnì fi ń pín ìròyìn fún ara wọn. Ẹnikẹ́ni kò sì fi hàn pé ó fẹ́ fi àpilẹ̀kọ wọ̀nyí pa kọ́bọ̀. Lọ́dún 2008, ó ti kọ ìwé ìpolongo kan tó sọ pé ojúṣe ẹni tó ráàyè ka iṣẹ́ ìwádìí ni láti ṣàdàkọ rẹ̀ fún ẹni tí kò ráàyè. Ìwé yìí gan-an ni agbẹjọ́rò ìjọba fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí lòdì sí i.

Ṣé olè ni? Carmen Ortiz, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ ní Massachusetts, kò rí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó fi kọ̀ǹpútà jalè àti ẹni tó fi irin já ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí olè bá wu iṣu lóko, ebè á ṣófo. Ohun tí Swartz kó kò kúrò nílé JSTOR. Gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Láti mọ bí ilẹ̀kùn náà ṣe dé ibẹ̀, ó yẹ kí a padà sẹ́yìn. Lọ́dún 1665, Henry Oldenburg, akọ̀wé ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Philosophical Transactions jáde. Ó rò pé yóò fi jẹun, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn onímọ̀ tó ń kọ ìwé ránṣẹ́ sí i kò gbowó. Pé kí ayé mọ ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ń fẹ́. Òfin Ọbabìnrin Anne ti ọdún 1710 ló wá fún òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún 14, àti 14 mìíràn bí ó bá ṣì wà láàyè. Lónìí, ní Nàìjíríà bí i ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ̀tọ́ náà ń bá òǹkọ̀wé dé sàréè, ó sì tún ń lo ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ta ni òkú ń tà á fún?

Robert Maxwell ló fi han ayé pé owó wà nínú jọ́nà àwọn onímọ̀. Ọdún 1951 ló gba ilé iṣẹ́ tó sọ di Pergamon Press. Nígbà tó tà á fún Elsevier lọ́dún 1991, mílíọ̀nù 440 pọ́n-ùn ló gbà. Bí òwò náà ṣe ń lọ rèé: yunifásítì ń san owó oṣù ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ àpilẹ̀kọ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́, ilé ìtẹ̀wé á sì wá ta iṣẹ́ náà padà fún yunifásítì kan náà. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí ọ̀rọ̀ olóòtú sinimá Yorùbá tí wọ́n ń ta àdàkọ ayédèrú fíìmù rẹ̀ lójú títì kó tó rí owó tó ná padà. Oúnjẹ ẹnu onítọ̀hún ni wọ́n gbà, àwíjàre Swartz kò sì lè bo irú ìwà bẹ́ẹ̀.

Àwíjàre náà kò tilẹ̀ bo gbogbo ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. JSTOR kì í ṣe Maxwell. Àjọ tí kò wá èrè ni, ó sì náwó kó jọ́nà àtijọ́ láti orí bébà sórí kọ̀ǹpútà, ojú ìwé kan lẹ́yìn òmíràn. Ìyára tí Swartz fi ń kó ẹrù dààmú ẹ̀rọ wọn débi pé ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo MIT fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kàwé lásìkò náà kò rí i kà, nítorí ẹni tó ní òun fẹ́ kí gbogbo ayé rí i kà.

Síbẹ̀, JSTOR bá a parí ìjà lọ́dún 2011 nígbà tó dá ohun tó kó padà. Ìjọba ló takú. Ẹ̀sùn mẹ́rin di 13 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, ìyẹn ẹ̀sùn tó lè gbé e sẹ́wọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n bí oṣù mẹ́fà lọ̀ ọ́ bí ó bá lè gbà pé òun jẹ̀bi gbogbo rẹ̀, ó kọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní Brooklyn. Ọmọ ọdún 26 ni. Ìjọba sì fagi lé ẹjọ́ náà.

Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí àpilẹ̀kọ tí owó ìlú bí di ọ̀fẹ́ láàárín oṣù 12. Lọ́dún 2022, wọ́n ní kí ìdádúró náà dópin pátápátá. Alexandra Elbakyan, ọmọ Kazakhstan, kò dúró de àṣẹ kankan. Ọdún 2011 ló dá Sci-Hub sílẹ̀, tó ń fún ẹnikẹ́ni ní àpilẹ̀kọ lọ́fẹ̀ẹ́, ilé ẹjọ́ kan ní New York sì ní kí ó san mílíọ̀nù 15 dọ́là fún Elsevier lọ́dún 2017.

Jọ́nà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìtàn Nàìjíríà, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1956, wà nínú JSTOR pẹ̀lú. Ọmọ Ìbàdàn tí kò sí ní yunifásítì mọ́, tó fẹ́ ka ohun tí àwọn olùkọ́ baba rẹ̀ kọ nípa ìlú rẹ̀, lè bá ilẹ̀kùn kan náà pàdé. Ní ti ẹrù tí Swartz kó, kò pín ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.