Ìtàn Ìdámọ̀ àti Iṣẹ́ Abẹ Àpò-Omi Inú Ikùn Ọmọdé

Àpò-omi kan wà tí ó máa ń hù nínú ikùn ọmọdé, yálà lára awọ tí ó gbé ìfun ró tàbí lára awọ ọlọ́ràá tí ó bo ìfun. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kò sì wọ́pọ̀: nǹkan bí ọmọ kan nínú 20,000 tí a gbà sí ilé ìwòsàn ni ó sábà máa ń ní in. Síbẹ̀, ó lè mú ìfun lọ́ pọ̀, ó sì lè bẹ́. Ó pẹ́ púpọ̀ kí àwọn oníṣègùn tó lè dá a mọ̀ lára alààyè.

Ara òkú ni a ti kọ́kọ́ rí i. Antonio Benivieni, oníṣègùn ìlú Florence ní Ítálì, bá a nínú òkú ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan. Àwọn òǹkọ̀wé kan a máa sọ pé ọdún 1507 ni èyí ṣẹlẹ̀. Kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí Benivieni ti kú ní 1502. Ọdún tí a tẹ ìwé rẹ̀ jáde ni 1507.

Ó lé ní 370 ọdún lẹ́yìn ìwé náà kí Paul Tillaux tó yọ irú àpò bẹ́ẹ̀ ní Paris ní 1880, tí aláìsàn sì yè. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe àmì kan: bí a bá fi ọwọ́ ti kókó náà, yóò lọ sí ọ̀tún àti òsì, ṣùgbọ́n kò ní lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Àmì náà wúlò, ṣùgbọ́n kò tó. Bí àpò bá tóbi tí ó sì rọ̀, ọwọ́ lásán kò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára omi tí àìsàn ẹ̀dọ̀ tàbí ti kíndìnrín máa ń kó sínú ikùn.

Ìyípadà gidi dé ní 1958, nígbà tí Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí fífi ìró tí etí kò lè gbọ́ wo inú ikùn. Obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tí a ti rò pé jẹjẹrẹ tí kò gbóògùn ni ó ń ṣe é. Ẹ̀rọ fi hàn pé àpò-omi ni, a sì yọ ọ́. Àgbàlagbà ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà bá ọmọdé mu gan-an, nítorí kò dunni, kò sì ní ìtànṣán. Omi lásán a máa ṣàn yí ìfun ká. Àpò a máa ti ìfun sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ní ti iṣẹ́ abẹ, Jules Péan, ará Faransé, la àpò náà ní 1883, ó sì rán ẹnu rẹ̀ mọ́ awọ ikùn. Ọ̀nà yìí kò wọ́pọ̀ mọ́, torí àpò náà a máa padà hù. Yíyọ gbogbo rẹ̀ ni a yàn. Èyí tí ó wà lára awọ ọlọ́ràá rọrùn láti yọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà lára awọ tí ó gbé ìfun ró lè bá ìfun pín iṣan ẹ̀jẹ̀ kan náà. Nígbà náà, oníṣẹ́ abẹ ní láti gé apá kan ìfun pẹ̀lú rẹ̀, kí ó sì rán ojú méjèèjì pọ̀.