Nígbà Tí Puttenham Fún Ọnà Èdè Ní Ìnagijẹ

Bí ènìyàn bá dúró díẹ̀ ní ojú títì Athens, kò ní pẹ́ rí ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n kọ metafores gàdàgbà sí lára. Kì í ṣe akéwì ló ni ọkọ̀ náà. Àwọn tó ń bá ayálégbé kó ẹrù láti ilé kan sí òmíràn ló ni ín, ohun tí ọ̀rọ̀ náà sì ń sọ gan-an nìyẹn lẹ́nu Gíríìkì: kíkó nǹkan láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Òun náà ni metaphor tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìbàdàn tàbí Adó-Èkìtì ń há sórí fún ìdánwò Literature-in-English, tòun ti simile, hyperbole àti irony. Òyìnbó ló ni wọ́n, lójú ọmọ náà. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà yá wọn ni, ẹgba sì ró lẹ́yìn àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó mọ̀ wọ́n.

Lọ́wọ́ agbẹjọ́rò àti olóṣèlú ni ọ̀ràn ọnà èdè yìí ti bẹ̀rẹ̀, ṣáájú kí akéwì tó gbà á. Aristotle kọ̀wé nípa rẹ̀ ní sẹ́ńtúrì kẹrin ṣáájú Kristi, nítorí àwọn tó fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ í sọ níwájú adájọ́ àti níwájú ará ìlú. Quintilian, ọmọ bíbí ilẹ̀ Spéìnì tó di olùkọ́ ní Róòmù, to àwọn orúkọ náà jọ lẹ́sẹẹsẹ ní òpin sẹ́ńtúrì kìíní.

Nígbà tí yóò fi di sẹ́ńtúrì 16, wọ́n ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni ọmọkùnrin ti gbọ́dọ̀ wà lórí bẹ́ńṣì, Látìnì ni yóò sì máa kà. Bí ó bá ti ń ka òǹkọ̀wé Látìnì bíi Cicero tàbí Virgil, yóò máa wá ọnà èdè inú rẹ̀, yóò sì kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí etí ìwé. Èyí tí kò bá dá mọ̀, pàṣán yóò bá a dá a mọ̀. Onímọ̀ kan, Erasmus, ti ṣe ìwé De Copia fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní 1512, fún ilé-ẹ̀kọ́ St Paul ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú rẹ̀ ló ti mú gbólóhùn kékeré kan, pé lẹ́tà rẹ dùn mọ́ mi púpọ̀, tó sì fi ọ̀nà tó lé ní ọgọ́rùn-ún sọ ọ́. Alágbe tó ti gbowó lọ́wọ́ olówó láàárín agbo òde yóò kan sáárá sí i.

Títí di ìgbà náà, kò tíì sí ẹni tó kó àwọn ọnà èdè yìí jọ sínú ìwé kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Richard Sherry, tó ti ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rí ní Oxford, ló kọ́kọ́ dán an wò ní 1550, ẹ̀bẹ̀ ló sì fi bẹ̀rẹ̀: ó mọ̀ pé àkọlé ìwé òun lásán yóò ṣàjèjì létí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì bíi tòun. Henry Peacham tẹ̀lé e ní 1577, orúkọ ọnà èdè tó kó jọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200. Ta ni yóò há igba orúkọ Gíríìkì sórí?

Lọ́dún 1589, Richard Field, òǹtẹ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó jẹ́ ọmọ Stratford bíi Shakespeare, tẹ ìwé kan tí kò sí orúkọ òǹkọ̀wé lára rẹ̀. The Arte of English Poesie ni wọ́n pè é. George Puttenham ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó kọ ọ́. Ẹni yìí kò kọ ti ọmọ ilé-ìwé. Àwọn ará ààfin Ọbabìnrin Elizabeth ló ń bá sọ̀rọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, ó sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ Gíríìkì. Ló bá ṣe bí ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ. Ìyàwó Yorùbá kì í pe àwọn ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Yóò wò wọ́n sùn-ùn, yóò pe ọ̀kan ní Akọ̀wé, yóò pe èkejì ní Adúmáadán, yóò pe ẹ̀kẹta ní Ìbàdí-àrán. Puttenham náà wo ọnà èdè kọ̀ọ̀kan, ó sì fún un ní ìnagijẹ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Bí a bá dá díẹ̀ lára wọn padà sí Yorùbá, ẹ óò rí i bí ojú rẹ̀ ti mú tó. Irony ni Yẹ̀yẹ́ Gbígbẹ. Sarcasm ni Ẹ̀gàn Kíkorò. Metonymy, tó ń fi orúkọ ohun kan pe òmíràn, ni Aṣìpè. Orúkọ méjì ni hyperbole gbà: Aṣàṣejù, àti Òpùrọ́ Aláriwo. Metaphor di ọnà ìkẹ́rù, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Athens gẹ́lẹ́. Èyí tí a fi ń sọ ọ̀rọ̀ kan lérí ara rẹ̀ láìsí ohun tó là á láàárín, ẹyẹ kan tó ń fi ohùn pe orúkọ ara rẹ̀ ní àpètúnpè ló fi sọ ọ́.

Allegory ló tẹ́wọ́ gbà jù, ó pè é ní ohun tó jọ ẹ̀tàn. Ó ní kò sí ará ààfin tó lè rọ́wọ́ mú láìní in, nítorí kí ẹnu máa sọ̀kan kí inú máa rò míràn ni iṣẹ́ ààfin. Kò sí ìjòyè tí yóò bá a jiyàn.

Ìnagijẹ náà kò mọ́ wọn lára. Ìwé Puttenham kò tún rí ìtẹ̀ títí di 1811, kò sì sí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi Yẹ̀yẹ́ Gbígbẹ bi ọmọ kíláàsì ní ìbéèrè lónìí. Kì í ṣe pé orúkọ rẹ̀ kò dára. Lójú ẹni tó ń kọ èyí, ó dára ju ti Gíríìkì lọ. Àwọn tó mú pàṣán dání ni kò gbà á. Ohun tí olùkọ́ fi ń dánni wò ni ọmọ ń há sórí, orúkọ Gíríìkì sì ni wọ́n fi ń dánni wò.

Àwọn orúkọ Gíríìkì yìí ló wọ ìwé Hugh Blair, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Edinburgh, tó jáde ní 1783, tí wọ́n sì tún wọ ti Alexander Bain ti Aberdeen ní 1866. Nígbà tí CMS Grammar School ṣílẹ̀kùn ní Èkó ní 1859, ẹ̀kọ́ irú èyí ni àwọn òyìnbó kà sí ọ̀làjú. Ìdánwò Cambridge gbé e rìn; WAEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó já lọ́wọ́ Puttenham bọ́ sí i fún Yorùbá. Ní 1984 ni ìpín kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀. Ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì tẹ̀lé e ní 1990. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lápá kan, ti Yorùbá wà lápá kejì. Olùṣèdánwò sì gba orúkọ Yorùbá láti fi bi ọmọ ní ìbéèrè, ibẹ̀ ni gbogbo ìyàtọ̀ wà. Lónìí ọmọ tó ń ṣe Yorùbá mọ àfiwé tààrà, ó mọ àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ó mọ ìfohunpènìyàn: a fi ohun pe ènìyàn, kí ló tún kù láti ṣàlàyé? Àsọrégèé, ìyẹn hyperbole, àti Òpùrọ́ Aláriwo lè jọ gbé inú agbo ilé kan náà. Èyí tó sì dùn jù ni ìbéèrè pèsìjẹ, ìbéèrè tó pa èsì ara rẹ̀ jẹ. Gíríìkì kò ní orúkọ tó yó báyìí.

Olùkọ́ Yorùbá a máa kọ ìbéèrè pèsìjẹ sójú pátákó ní wákàtí kejì, àwọn ọmọ a sì máa rẹ́rìn-ín sí èsì tí wọ́n pa jẹ. Aago á lù. Ọmọ kan á fi dọ́sítà nu pátákó, olùkọ́ Literature á wọlé, á mú ṣọ́ọ̀kì, á kọ rhetorical question síbi kan náà, àwọn ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í há a sórí bí ohun tí wọn kò gbọ́ rí.