Iná Tí Kì Í Bú Gbàù

Nínú ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì, pàápàá èyí tí wọ́n fi ṣe fíìmù, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọkọ̀ gbalasa òfurufú sábà máa ń gbà kú. Ọta á ba ẹ́ńjìnnì, ariwo ìdágìrì á sọ, ọkọ̀ á bú gbàù. Bí ó bá jẹ́ ìdàpọ̀ átọ́ọ̀mù ni ẹ́ńjìnnì náà fi ń ṣiṣẹ́, irọ́ ni ìparí yẹn, irọ́ náà sì ti gba ìtàn tí ó sàn jù ú lọ lọ́wọ́ wa, ìyẹn ìtàn ìjórẹ̀yìn.

Kí àwọn átọ́ọ̀mù háídírójìn tó lè dàpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí ènìyàn ṣe, ooru ní láti pọ̀ ju ti àárín gbùngbùn oòrùn lọ. Ní ti ẹ̀rọ ITER tí wọ́n ń kọ́ ní gúúsù Faransé, 150 mílíọ̀nù lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ń lé. Epo inú rẹ̀ nígbà kan kò ní ju gíráàmù bíi mélòó kan lọ, agbára òòfà ni yóò sì máa ká iná náà mọ́ àárín. Bí òòfà bá yẹ̀, iná á kan ògiri, á tutù, á kú. Ògiri lè bàjẹ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ló mọ. Àwọn àgbà ní iná kú, ó feérú bojú. Èyí kò tilẹ̀ ní eérú. Ó jọ pé bọ́ǹbù háídírójìn tí Amẹ́ríkà fi pa erékùṣù Elugelab rẹ́ lọ́dún 1952 ni kò kúrò lọ́kàn àwọn òǹkọ̀wé, bẹ́ẹ̀ bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù mìíràn ni wọ́n fi ṣáná sí ìyẹn. (N kò bá eré Star Trek jà: antimatter ni ẹ́ńjìnnì ńlá tibẹ̀ ń lò, ìyẹn sì ní ìdí tí yóò fi bú.)

Láàárín 1973 sí 1978, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ British Interplanetary Society, tí Alan Bond ṣáájú wọn, jókòó ṣírò ọkọ̀ kan tí yóò lo ìdàpọ̀ átọ́ọ̀mù lórí ìwé. Daedalus ni wọ́n pè é. Kò ní gbé ènìyàn kankan. Yóò wọn 54,000 tọ́ọ̀nù, 50,000 nínú rẹ̀ sì jẹ́ epo: hóró deuterium àti helium-3, tí 250 yóò máa gbiná láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Júpítà ni wọ́n ní àwọn yóò ti lọ bu helium-3 náà wá, ẹ̀rín sì máa ń pa mí níbẹ̀. Ìràwọ̀ Barnard ni ó ń lọ, nǹkan bí ọdún-ìmọ́lẹ̀ 6 sí wa. Ìrìn 50 ọdún ni, ṣùgbọ́n iná ẹ́ńjìnnì kò ní jó tó ọdún 4. Lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ á kàn máa sáré lọ ní ìdá 12 nínú 100 eré ìmọ́lẹ̀.

Inú ọdún gbọọrọ wọ̀nyẹn ni ìparun gidi wà. Bí eruku gíráàmù kan péré bá pàdé ọkọ̀ náà lórí eré yẹn, agbára tí yóò fi kọlù ú tó ti 150 tọ́ọ̀nù TNT. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fún un ní apata beryllium, tí wọ́n tún fi róbọ́ọ̀tì kún un láti máa tún ohun tí ó bá gbó ṣe. Kò sì ní bíréèkì: bí ó bá dé, á kọjá lọ ni.

Òǹkọ̀wé Poul Anderson rí ọ̀rọ̀ yìí kedere. Nínú ìwé rẹ̀ Tau Zero, tí ó jáde lọ́dún 1970, ọkọ̀ Leonora Christine ń kó háídírójìn ojú ọ̀nà jẹ bí epo, gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ físíìsì Robert Bussard ti dábàá lọ́dún 1960. Ọkọ̀ náà kó sínú ìkúùkù eruku, bíréèkì rẹ̀ sì bàjẹ́. Nǹkan kan kò ṣe ẹ́ńjìnnì. Wọn kò lè pa á kí wọ́n tún bíréèkì ṣe, nítorí agbára òòfà rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ìtànṣán pa wọ́n. Wọ́n ní láti máa sáré sí i, bí ayé tí wọ́n fi sílẹ̀ ti ń gbó tí ó sì ń kú lẹ́yìn wọn.

Mo mọ̀ pé fíìmù wákàtí méjì kò ráyè fún irú èyí. Òǹkọ̀wé tí ó ní ọ̀ọ́dúnrún ojú ìwé lọ́wọ́ kò ní àwáwí yẹn.