Ìdíyelé ìrìn-àjò afẹ́ ní àwọn agbègbè àdáyébá tí òfin dáàbò bò

Ìdíyelé ìrìn-àjò afẹ́ ní àwọn agbègbè àdáyébá tí òfin dáàbò bò ni ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ń ṣe láti mọ iye tí ìbẹ̀wò sí igbó, òkè tàbí etíkun bẹ́ẹ̀ tó ní owó. Owó ìwọlé nìkan kò tó fi díwọ̀n rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ibi ni kì í gba kọ́bọ̀.

Ọ̀nà ìṣirò

Ní ọdún 1947, Harold Hotelling ará Amẹ́ríkà dábàá pé kí a to àwọn àlejò ọgbà orílẹ̀-èdè ní ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ilé wọn ṣe jìnnà sí, kí a sì fi owó ọkọ̀ wọn wé iye ìgbà tí wọ́n ń wá. Ẹni tó ń gbé nítòsí ń gbádùn ohun kan náà ní owó pọ́ọ́kú. Àlàfo tó wà láàárín ohun tó ná àti ohun tí ì bá gbà láti ná ni èrè tirẹ̀. Marion Clawson mú ọ̀nà yìí lò ní ọdún 1959. Ọ̀nà mìíràn ni bíbi àwọn ènìyàn léèrè iye tí wọ́n lè san. Ìṣirò a máa ṣòro bí àlejò bá bẹ ibi púpọ̀ wò nínú ìrìn-àjò kan.

Ìwọ̀n lágbàáyé

Ní ọdún 2015, Andrew Balmford àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fojú bù ú pé irú àwọn agbègbè bẹ́ẹ̀ ń gba ìbẹ̀wò bílíọ̀nù 8 lọ́dọọdún, àti pé àwọn àlejò ń ná nǹkan bí bílíọ̀nù 600 dọ́là. Nígbà náà, owó tí wọ́n ń ná láti dáàbò bo àwọn agbègbè náà kò tó bílíọ̀nù 10 dọ́là.